Bọ́tìnnì Orin Orí Kíbọ́ọ̀dù, Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bó Ṣe Ń Dójú Tini

Bọ́tìnnì orin wà lára àwọn bọ́tìnnì orí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí kì í tẹ lẹ́tà kankan jáde. Èyí tó ní àmì onígun mẹ́ta pẹ̀lú igi méjì ló ń bẹ̀rẹ̀ orin tó sì ń dá a dúró. Àwọn tó ní àwòrán sípíkà ló ń gbé ohùn sókè, tí wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n ń pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá. Àwọn mìíràn ń fo láti orin kan bọ́ sórí èkejì, àwọn mìíràn ń ṣí ẹ̀rọ ìṣírò tàbí àpótí ímeèlì. Lórí laptop àti kíbọ́ọ̀dù kéékèèké, ara F1 sí F12 ni wọ́n sábà máa ń há wọn mọ́. Iṣẹ́ wọn kò tó nǹkan lójú, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fi máa ń rò pé òun á tún wọn ṣe kí omi ẹ̀bà tó hó. Òǹkọ̀wé yìí rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti tutù tó láti fi rẹ́rìn-ín báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá onílé rẹ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín sí i.

Àpẹẹrẹ tí àlàyé yìí dúró lé wá láti ilé alájà kan ní Ìbàdàn, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òkè ni òǹkọ̀wé ń gbé, ìyá onílé wà nísàlẹ̀, ìṣọ́-òru sì ń lọ lọ́wọ́ ní pálọ̀ rẹ̀. Sípíkà ńlá onítáyà tí òǹkọ̀wé ní ni wọ́n yá fún àdúrà náà, irú èyí tí wọ́n ń ki máíkì bọ̀ tó sì tún ní Bluetooth. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdána àbúrò òǹkọ̀wé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iye tí àwọn alága ń pè ti ju agbára ẹbí lọ, wọ́n bá ní kí òǹkọ̀wé ṣe alága ìdúró. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń fi iṣẹ́ náà dánra wò. Ó ṣe ti alága ìdúró, ó sì ṣe ti alága ìjókòó pẹ̀lú, ní ohùn obìnrin. Ó fi Chrome ṣí i, ó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó dá a dúró, ó bo Chrome mọ́lẹ̀, ó sì gbàgbé.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà ni pé ó ṣí áàpù orin àtijọ́ kan tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ayé Windows 7, ó tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀-orin lára F6 kíbọ́ọ̀dù USB rẹ̀, áàpù náà kò mira. Ó tún un tẹ̀, kò mira. Ó pinnu pé bọ́tìnnì náà ti kú.

Bọ́tìnnì náà kò kú. Kí èyí tó lè yéni, àfi kí wọ́n tẹ̀lé ìtẹ̀ kan ṣoṣo láti ìka títí dé òpin ìrìn àjò rẹ̀. Nínú kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, abala ọ̀rá mẹ́ta ló tẹ́ léra. Ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ilà tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá. Ti àárín ní ihò lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn méjì yòókù fara kanra láìnídìí. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, rọ́bà róbótó tó wà lábẹ́ rẹ̀ a wọlé, ọ̀rá òkè a gba inú ihò kan ti ìsàlẹ̀, iná a sì kọjá. Ẹ̀rọ bíńtín kan tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù ń yẹ àwọn ilà yìí wò láìsinmi. Ibi tí ilà ìbú àti ilà òró ti pàdé ló fi ń mọ bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀.

Títí dé ibẹ̀, bọ́tìnnì orin àti bọ́tìnnì A kò yàtọ̀ síra. Ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti fẹ́ bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti pínyà. Òfin USB tó de kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, èyí tí wọ́n ń pè ní HID, pín nọ́ńbà sí ojú ewé. Ojú ewé 07 ni ti lẹ́tà, ojú ewé 0C sì ni ti bọ́tìnnì orin. Ní ojú ewé 0C yìí, CD ni nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀-orin, B5 ni orin tó kàn, B6 ni orin tó kọjá, E2 ni ìpanumọ́, E9 ń gbé ohùn sókè, EA ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nítorí ìpínyà yìí, kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo orí tábìlì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rọ méjì lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ṣí Device Manager nínú Windows yóò rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan ń jẹ́ HID Keyboard Device, èkejì ń jẹ́ HID-compliant consumer control device. Ọ̀kan lè dákú kí èkejì máa ta kébékébé. Bí oníbàárà bá sọ fún ẹnjiníà pé lẹ́tà ń tẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn kò lọ sókè, kí ẹnjiníà má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe dáadáa.

Nígbà tí nọ́ńbà náà bá wọ inú Windows, ìbéèrè tó ṣòro jù lọ ń dúró dè é: ta ló ni iṣẹ́ yìí? Láti Windows 2000 ni wọ́n ti ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún bọ́tìnnì orin nínú Windows. Nígbà yẹn, áàpù tó wà níwájú lójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi. Bí kò bá dáhùn, ọ̀rọ̀ a máa gòkè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Windows fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì ìṣírò ṣì ń tọ ọ̀nà yìí. Nínú registry, lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní AppKey, nọ́ńbà 18 ni wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, nọ́ńbà 15 sì ni ti ímeèlì. Ẹni tó bá fẹ́ kí bọ́tìnnì ìṣírò máa ṣí nǹkan mìíràn, ibẹ̀ ni yóò ti yí i padà. Ṣùgbọ́n láti Windows 8, ọ̀rọ̀ orin ti bọ́ sábẹ́ ètò tuntun. Áàpù tó bá fẹ́ kọrin máa ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows, èyí tó kọrin gbẹ̀yìn nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni bọ́tìnnì sì máa ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà wà níwájú, ìbáà sá pamọ́ sẹ́yìn. Chrome wọ inú ètò yìí ní 2019, nígbà tí Chrome 73 jáde. Láti ìgbà náà ni ó ti máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹlòmíràn.

Áàpù àtijọ́ tí òǹkọ̀wé tẹjú mọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Chrome ló gba iṣẹ́ náà, ó sì jẹ́ ẹ láìjanpata.

Ó ku ibi tí ohùn gbà jáde. Ọ̀nà tí ìtẹ̀ bọ́tìnnì gbà wọlé àti ọ̀nà tí ohùn gbà jáde kò kan ara wọn. Bí wọ́n bá tan sípíkà Bluetooth, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, bó bá sì wà nítòsí, wọ́n á so mọ́ ọn láìbi ẹnikẹ́ni. Windows náà á wá kó gbogbo ohùn sọ́dọ̀ àlejò yìí. Nǹkan bíi mítà 10 ni agbára Bluetooth tó wọ́pọ̀ lè dé, àjà ilé kan kò sì tó láti dí i lọ́nà. Laptop òǹkọ̀wé ni sípíkà náà bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn kí wọ́n tó yá a. Bí ìyá onílé ṣe tan án nísàlẹ̀ ló ti so mọ́ ilé padà.

Ohun tí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe nísàlẹ̀ rèé. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí wọ́n dúró de ohùn Olúwa. Pálọ̀ dákẹ́ lóòótọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni sípíkà ti lanu, tó sọ pé: “Ẹ dọ̀bálẹ̀! Gbogbo yín pátá, ẹ dọ̀bálẹ̀!” Lẹ́yìn náà ni ìtẹ̀ kejì wọlé, ohùn náà sì dákẹ́.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́rìí sí i pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù lórí àga. Bàbá kan tí orúnkún ń dà láàmú, tó jẹ́ pé orí ìjókòó ló ti máa ń gbàdúrà, wà lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú wọn.

Lókè, iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Fn ni ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ọ̀mọ̀ràn máa ń dárúkọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Fn kì í sábà fi nọ́ńbà kankan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Inú kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ ló ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń sọ bóyá F6 yóò jẹ́ F6 tàbí yóò di bọ́tìnnì orin. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, Fn pẹ̀lú Esc ló ń tì í pa sí ìhà kan. Lórí àwọn mìíràn, inú BIOS ni wọ́n fi í sí: HP ń pè é ní Action Keys Mode, Lenovo ń pè é ní Hotkey Mode. Kí ló dé tí nǹkan kan ṣoṣo fi gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ nílé kọ̀ọ̀kan? Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kò fi ní iná pínńṣín kan, tí owó rẹ̀ kò tó ra búrẹ́dì kan, láti sọ ìhà tí Fn wà fún ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á? Ẹni tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù ní owó iná tí wọ́n fi ń tan àwọ̀ òṣùmàrè sábẹ́ lẹ́tà fún àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù, ṣùgbọ́n kò ní owó iná Fn. Ìwà ìkà ni.

Òǹkọ̀wé tẹ F6 lásán, ó tẹ Fn pẹ̀lú F6, ó ti Fn pa, ó tú u sílẹ̀, ó tún wọn tẹ̀. Áàpù àtijọ́ kò mira. Nísàlẹ̀, bí àwọn ènìyàn ṣe ń dìde ni sípíkà tún sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, mo rí yín o! Àyà ni kó kan ilẹ̀, kì í ṣe orúnkún!” Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé orí orúnkún ni wọ́n wà lóòótọ́, figbe ta. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣe alága mọ̀ pé kò sí ìdána kan tí àwọn ará ẹ̀yìn kì í ti í gbìyànjú láti fi ìkúnlẹ̀ dípò ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà nísàlẹ̀ kò ro ti ìdána, wọ́n ní ojú Olúwa ló rí ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé Fn nínú títún bọ́tìnnì orin ṣe ni kí wọ́n wo inú Windows. Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Human Interface Device Service, òun ló ń mójú tó àwọn bọ́tìnnì àkànṣe. Bí wọ́n bá dá a dúró, àwọn bọ́tìnnì orin lórí àwọn kíbọ́ọ̀dù kan lè yadi. Òǹkọ̀wé dá a dúró, ó tún un gbé dìde. Ó lọ sí Device Manager, ó pa consumer control device, ó tún un tan. Ìmọ̀ràn gidi ni gbogbo èyí, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ó wá tẹ F6 láti fi dán an wò. Nísàlẹ̀: “Owó ìkanlẹ̀kùn dà? Ẹ ò lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́!”

Àwọn kan nínú ìjọ kékeré yẹn ti ń fura sí ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ti owó yé gbogbo wọn. Ìyá onílé gbé abọ́ jáde. Wọ́n dá owó.

Ó wá kan bọ́tìnnì ohùn. Nínú Windows, ìtẹ̀ kan lórí bọ́tìnnì yìí ń fi 2 kún ohùn nínú 100. Òǹkọ̀wé tẹ̀ ẹ́, ohùn gòkè lójú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ dùn pé ó kéré tán èyí ń ṣiṣẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan 100, kí orin lè dún dáadáa bí bọ́tìnnì yòókù bá jí. Ẹ̀rí tó lè gbà á là wà lójú rẹ̀ kedere ní àkókò yìí. Nínú Windows 10, bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ohùn nígbà tí áàpù kan ti forúkọ sílẹ̀, àpótí dúdú kan máa ń yọ ní igun òkè lápá òsì. Nọ́ńbà ohùn wà nínú rẹ̀, orúkọ ohun tí bọ́tìnnì ń darí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ tó wà nínú àpótí yẹn ni “ìdánrawò alága”. Òǹkọ̀wé rò pé ìpolówó ni. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìpolówó, kò rí i, ó bú Microsoft, ó sì tún tẹ F6.

Apá ti alága ìjókòó ló kàn nínú ohùn tó gbà sílẹ̀. Ohùn obìnrin tí òǹkọ̀wé fi ṣe é kò dára nígbà tó wà ní ìwọ̀nba. Ní 100, lórí sípíkà onítáyà, nínú pálọ̀ tí wọ́n ti tilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, ó kọjá ohun tí ènìyàn lè fojú inú wò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló sọ pé: “Ọmọ tiwa kì í ṣe ọjà gbàǹjo o! Ohun tẹ́ ẹ kó wá yìí, ṣé ẹ̀bùn ni àbí èébú?”

Ibẹ̀ ni Pásítọ̀ ti sọ pé ohun tó wà nínú yàrá yìí kì í ṣe ti òkè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ọmọkùnrin kan tó ń ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì nàka sí iná búlúù tó ń tàn lára sípíkà, ó ní, “Bluetooth ni, sà.” Pásítọ̀ ní kí wọ́n de Bluetooth pẹ̀lú. Nítorí pé ìtẹ̀ kan ń bẹ̀rẹ̀ ohùn tí èkejì sì ń dá a dúró, àdúrà náà ń gbà lóòrèkóòrè: wọ́n á pariwo orúkọ Jésù, ohùn á dákẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, òǹkọ̀wé á tún dán F6 wò lókè. Òun náà gbọ́ ariwo. Ó ní inú òun dùn pé ìṣọ́-òru ti ọ̀sẹ̀ yẹn gbóná.

Títú kíbọ́ọ̀dù palẹ̀ ni ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, àwọn tó mọṣẹ́ kì í sì tètè ṣe é. Wọ́n máa ń tú síkúrù ẹ̀yìn, títí kan èyí tó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ìwé nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fi ohun pẹlẹbẹ tú àwọn ìkọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á sì dojú bọ́tìnnì kọ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹ̀yìn kúrò. Dídojú-kọlẹ̀ yìí ṣe kókó. Nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù kan, rọ́bà abẹ́ bọ́tìnnì jẹ́ odidi abala kan. Nínú àwọn mìíràn, rọ́bà kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sì sí ohun tó dè é mọ́ àyè rẹ̀ ju ìtẹ̀mọ́ra lọ. Òǹkọ̀wé kò mọ irú èyí tí tirẹ̀ jẹ́. Ó gbé e dúró gbọn-in-gbọn-in, ó fà á ya. Rọ́bà fọ́n káàkiri ilé. Òmíràn wọ inú bàtà, òmíràn wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kó tutù.

Ó ṣì wà lórí eékún tó ń ṣa rọ́bà nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá onílé ló wọlé, Pásítọ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò òróró, àwọn tó kù dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ yunifásítì ló kó wọn wá, ó sì ti rí i pé orúkọ tí sípíkà ń fi hàn lórí fóònù òun ni orúkọ òǹkọ̀wé. Òǹkọ̀wé dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn ní àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe lókè ńbí?”

“Ẹ má bínú, Mà. Kíbọ́ọ̀dù mi ló bàjẹ́. Bọ́tìnnì orin kò ṣiṣẹ́ mọ́.”

Ojú tí ìyá onílé fi wò ó sọ pé kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Òǹkọ̀wé, tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní òpùrọ́ níwájú ìránṣẹ́ Ọlọ́run, gbé ọ̀rá tí kò ní bọ́tìnnì lórí mọ́ síwájú wọn. Bí wọ́n bá ti tú kíbọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ bíńtín inú rẹ̀ ṣì kan ọ̀rá, tí okùn USB ṣì wà nínú laptop, kò sí ohun tó kù tí ìka lásán kò lè ṣe: kí wọ́n ṣáà ti fi ọmọ ìka tẹ ojú ibi tí bọ́tìnnì wà. “Ẹ wò ó, Mà,” ni òǹkọ̀wé wí, ó sì tẹ̀ ẹ́. “Kò sí nǹkan kan tó—”

“OWÓ BÀBÁ GBỌ́ DÀ?” ni ohùn rẹ̀ ké láti ìsàlẹ̀, tí gíláàsì fèrèsé fi gbọ̀n. “Ẹ̀YIN ARÁ IBÍ YÌÍ, AHUN NI YÍN!”

Ìyá onílé kò wo ilẹ̀. Ẹnu òǹkọ̀wé ló ń wò. Òróró ń kán láti inú ìgò Pásítọ̀ sórí ọ̀rá àárín, ó ń gba inú ihò kan bọ́ sí òmíràn. Òǹkọ̀wé yára tún ibẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti yẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, bọ́tìnnì orin tó kàn ló bá. Nítorí pé kò sí orin tó kàn nínú Chrome, alága ìjókòó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń ka ohun tí wọ́n kó wá, ó ń bú iṣu, ó ń bú oyin, ó ní ewúrẹ́ náà rù. Gbogbo wọn dúró, wọ́n gbọ́ ọ tán. Ọmọ yunifásítì nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó sì dojú kọ ògiri nítorí ọ̀wọ̀.

Òun náà ló ṣe àtúnṣe. Ó fi máòsì ṣí Chrome, ó pa ojú ewé tí ohùn náà wà, ó sì gbé ohùn laptop kúrò lórí sípíkà Bluetooth padà sórí laptop. Ó tẹ F6 nínú ọ̀rá, áàpù àtijọ́ tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí Chrome máa gba bọ́tìnnì orin mọ́ lè tẹ chrome://flags sí ibi àdírẹ́sì, kó wá Hardware Media Key Handling, kó yí i sí Disabled, kó sì tún Chrome ṣí. Lórí Linux, evtest ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ìtẹ̀ dé inú kọ̀ǹpútà: bí wọ́n bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀-orin, 164 ló yẹ kó yọ, 113 ni ti ìpanumọ́, 114 àti 115 ni ti rírẹ ohùn sílẹ̀ àti gbígbé e sókè. Bí nọ́ńbà bá yọ, kíbọ́ọ̀dù kò lẹ́bi, kí wọ́n gbé síkúrù sílẹ̀. Lórí Mac, bí kò bá sí áàpù kankan tó ń kọrin, bọ́tìnnì yìí sábà máa ń lọ ṣí Music, kódà fún ẹni tí kò ní orin kan níbẹ̀.

Owó ìkanlẹ̀kùn kò padà sọ́wọ́ àwọn tó dá a. Ìyá onílé ní inú iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n dá a sí, inú rẹ̀ ni yóò sì wà. Sípíkà náà kò tíì gòkè padà. Ẹbí ti háyà alága gidi fún ìdána.

Wọ́n rí rọ́bà ṣà, àfi ti bọ́tìnnì tó ń rẹ ohùn sílẹ̀. Rọ́bà ẹyọ kan kò ṣeé rà lọ́jà lọ́tọ̀. Ohun tí àwọn tó ń tún kíbọ́ọ̀dù ṣe máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ òmíràn lára òkú kíbọ́ọ̀dù irú rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ lábẹ́ bọ́tìnnì tí ẹni tó ni ín kì í lò, nítorí pé rọ́bà abẹ́ àwọn bọ́tìnnì kéékèèké sábà máa ń rí bákan náà. Kí ẹni tó bá ní òkú kíbọ́ọ̀dù nílé má jù ú nù. Òǹkọ̀wé kò ní òkú kankan, abẹ́ Scroll Lock ni wọ́n ti yọ tirẹ̀, kò sì tíì sí ohun tó fi wá Scroll Lock láti ìgbà náà.